Ohun tí Ìyá Àwẹ̀ró Dá Olùbéèrè Lóhùn

Kò sí ohun tó burú nínú ìkarahun, bí èèyàn bá ń wò ó láti òde. Ó funfun, ó ń dán, ó rí roboto bí ìkarahun ìgbín tí ẹnì kan fọ̀ mọ́, tó sì wá fẹ̀ títí àgbàlagbà fi lè jókòó sínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ni wàhálà wà. Bí o bá ti jókòó, fóòmù inú rẹ̀ á wú, á dì mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, níbàdí, léjìká, títí dé abẹ́ àgbọ̀n. Ìdérí á wá bò. Láti ìgbà náà títí ọkọ̀ yóò fi balẹ̀, o ò lè na apá, o ò lè yí ẹ̀gbẹ́ padà, o ò lè họ imú ara rẹ.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù tán nílẹ̀ ayé, ọkọ̀ òfurufú tó ń jẹ epo di ohun tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ wò níbi tí wọ́n ń kó nǹkan àtijọ́ sí. Ajẹtànṣán ló rọ́pò rẹ̀: ọkọ̀ alápá gbọọrọ tó ń fi ìtànṣán oòrùn ṣe oúnjẹ, tó ń tẹ̀lé oòrùn lọ síhà ìwọ̀ rẹ̀, tí ilẹ̀ kì í ṣú bá lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kó tó lè jẹ oòrùn yó, ó gbọ́dọ̀ gòkè ju àwọsánmà lọ fíìfíì, dé ibi tí atẹ́gùn ti fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn ò lè mí. Ìdí tí wọ́n fi ṣe ìkarahun nìyẹn. Kò sí atẹ́gùn nínú ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Inú àgbá méjì tó wà nídìí ọkọ̀ ló ti ń wá, ìkarahun ló sì ń wọ̀ tààrà, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀.

Ẹni tó ń wọ̀n ọ́n kì í ṣe èèyàn. Ẹ̀rọ ni. Olùbéèrè ni wọ́n ń pè é.

Abíọ́nà ò fẹ́ràn ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, ọgbọ̀n ọdún ló sì fi wa tírélà iyọ̀ la aṣálẹ̀ kọjá, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ara rẹ̀. Kò kọ́lé, kò fẹ́yàwó tó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó kù fún un láyé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àwẹ̀ró, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, tó ń gbé ní Ìgànná. Nígbà tí Ìbídùn ọmọ Àwẹ̀ró bímọ ní Fankúfà, ní ilẹ̀ Kánádà, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá tó ti ń wojú Ọlọ́run, àwọn ará ilé ní kí Abíọ́nà sin ìyá àgbà náà lọ, kó lè lọ wẹ ọmọ. Wọ́n ní òun ló mọ ọ̀nà.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́ ni ọkọ̀ àìfẹsẹ̀tẹlẹ̀ wá gbé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ó léfòó sókè ilẹ̀ ní ìwọ̀n orúnkún, ó ń kùn bí oyin.

Abíọ́nà yí i po lẹ́ẹ̀mejì. "Sítíárìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Kò ní," Àwẹ̀ró dáhùn. "Wọlé, jókòó jẹ́ẹ́."

"Ohun tí ò ní awakọ̀, bó bá kó wa sí kòtò, ta ni n ó bú?"

"Bú mi. Ó ti mọ́ ọ lára."

Ọkọ̀ náà ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin arìnrìnàjò."

"Ẹ káàárọ̀ o," Àwẹ̀ró dá a lóhùn. "Ṣé ẹ jí dáadáa? Ilé ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, irin lẹ ń bi léèrè ilé yẹn o."

"Irin tó kí mi ni mo dá lóhùn. Ọmọ ta ni n ó jẹ́ tí wọ́n á kí mi tí n ó dijú?"

Àpò kan wà lórí itan rẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé: ọṣẹ dúdú tó fúnra rẹ̀ sè, kànrìnkàn tuntun, òrí nínú ike kékeré. Láti Ìgànná dé pápákọ̀ òfurufú, ó húkọ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Àyà rẹ̀ máa ń fún lásìkò ọyẹ́, ọyẹ́ ọdún yìí sì tètè dé. Bí Abíọ́nà bá ti wò ó, á ní, "A dúpẹ́," kó tó béèrè rárá.

Ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń wọ ìkarahun, ọ̀dọ́bìnrin kan dúró tó ń ṣàlàyé fún àwọn àgbà. Ọ̀mọ̀wé Rẹ̀mílẹ́kún ni, òun gan-an ló kọ́ Olùbéèrè ní èdè Yorùbá. Òun náà fẹ́ wọ ọkọ̀ ọjọ́ náà, kó lè wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn arìnrìnàjò jẹ́ ogójì, ìyá arúgbó tó ń lọ wẹ ọmọ-ọmọ ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

"Ní wákàtí kọ̀ọ̀kan," Rẹ̀mílẹ́kún wí, "Olùbéèrè á pè yín lórúkọ, á bi yín pé ṣé ara le. Ohun tí ẹ bá fi ẹnu ara yín sọ ló máa fi wọn atẹ́gùn. Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá le á rí sí i."

Abíọ́nà na ọwọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Ohun tí a bá fi ẹnu sọ nìkan? Kò ní wo ojú wa? Kò ní gbọ́ bí àyà wa ṣe ń lù?"

"Bàbá, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin àgbà lẹ kọ̀wé pé ìwà àfojúdi ni kí ẹ̀rọ máa yẹ ara yín wò láìtọrọ àyè. A yọ ọ́ kúrò. Ẹ tún ní àwọn ọmọ yín ń gbẹnu yín sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹ ti ya dìndìnrìn. A yọ ìyẹn náà. Ní báyìí, ẹnikẹ́ni ò lè gbẹnu ẹlòmíràn sọ ohunkóhun fún Olùbéèrè."

"Ó dáa. Ọmọ mi, ṣé dáadáa lo wà?"

"Dáadáa ni, sà. A dúpẹ́."

"Irọ́ ni. Ojú rẹ pọ́n, o ò sùn. Bàtà yẹn sì ń há ọ, torí láti ìgbà tí o ti dúró síbẹ̀ lo ti ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì."

Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Rẹ̀mílẹ́kún náà rẹ́rìn-ín, ó sì fa ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sẹ́yìn. "Ìkíni nìyẹn, Bàbá. Èèyàn mọ̀ bí ìkíni bá jẹ́ ìkíni."

"Èèyàn mọ̀. Òun ńkọ́?"

"Ó gbọ́ Yorùbá ju èmi àti ẹ̀yin lọ."

"Kò sí ẹni tó ní kò gbọ́."

Àwẹ̀ró fa agbádá rẹ̀ láti ẹ̀yìn. "Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹ má dá a lóhùn, ọmọ mi, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọlọ́run á fi kún ọgbọ́n yín."

Báyìí ni wọ́n wọlé. Àwẹ̀ró wà ní ìkarahun kọkànlélógún, Abíọ́nà wà ní èkejìlélógún, Rẹ̀mílẹ́kún wà lẹ́yìn Abíọ́nà gan-an. Ihò ìsọ̀rọ̀ kan wà láàárín ìkarahun kan àti òmíràn, kò ju bọ́tìnì ẹ̀wù lọ, kí ará ibí lè máa bá ará ọ̀hún tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí fóòmù dì mọ́ Abíọ́nà lọ́rùn, ó rántí túbú. Ní ìlú kan létí aṣálẹ̀, nígbà èwe rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀sùn iyọ̀ tí kò jí kàn án, wọ́n sì fi í sí yàrá kan tó kéré débi pé ìdúró ló fi ń sùn. Ó pa ojú dé, ó ń ka èémí rẹ̀ bó ṣe ń kà á nígbà náà.

Wákàtí mẹ́rìndínlógún ni ìrìnàjò náà. Ní wákàtí kìn-ín-ní, ohùn kan tó tutù bí omi àmù wọlé.

"Ìyá Àwẹ̀ró, ṣé ara le?"

"Ara le o, a dúpẹ́. Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

Olùbéèrè ò fèsì, ó ti kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Abíọ́nà gbọ́ bó ṣe ń lọ láti ìkarahun dé ìkarahun, àwọn ìyá sì ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: a dúpẹ́, a dúpẹ́, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó wà níwájú Àwẹ̀ró nìkan ló yàtọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbéra ló ti ń ráhùn. Ooru ń mú òun, ọbẹ̀ tó gba inú ọ̀pá wá ò níyọ̀, fóòmù ń yún òun lẹ́yìn.

"Ọmọ yìí á ráhùn lọ́run," Àwẹ̀ró wí láti inú ihò, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

Ní wákàtí keje, nǹkan kan fọ́ nídìí ọkọ̀. Kò pariwo. Ó dún bí ìgbà tí igbá já lọ́wọ́ èèyàn.

"Àgbá atẹ́gùn kan ti bàjẹ́," Olùbéèrè wí. "Ẹ má bẹ̀rù. Èyí tó kù á dé ibi tí à ń lọ. A ó pín in bó ṣe tọ́ sí olúkúlùkù. Ìyá Àwẹ̀ró, ṣé ara le?"

"A dúpẹ́ o. Ọlọ́run á kó wa yọ."

Kò pẹ́ tí Abíọ́nà fi mọ̀ pé nǹkan yí padà. Atẹ́gùn inú ìkarahun rẹ̀ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi ti orí òkè. Láti iwájú, ó gbọ́ tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn mí kanlẹ̀, tó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti ń dára díẹ̀." Láti ọ̀tún rẹ̀, ó gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ń wọlé díẹ̀, ó ń jáde díẹ̀.

Ó yí ẹnu sí ihò ẹ̀yìn. "Ọ̀mọ̀wé! Dìde kí o ṣí ìkarahun yìí!"

"Bàbá, mi ò lè dìde. Ó dì mọ́ èmi náà. Kò sí ẹni tó lè ṣí i lókè yìí. Bó bá ṣí, gbogbo wa á kú."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò rí atẹ́gùn mí."

"Kí wọ́n sọ fún Olùbéèrè. Kí wọ́n sọ pé ara àwọn ò le."

"Kò ní sọ ọ́, o mọ̀ pé kò ní sọ ọ́!" Ó mí. "N ó sọ tèmi. Bí mo bá ní mo ń kú, ṣé kò ní ké sí àwọn tó wà nílẹ̀, kí ọkọ̀ yìí lè yà síbì kan?"

Kò dúró gbọ́ èsì. Bí Olùbéèrè ṣe pè é ló pariwo pé, "Mo ń kú! Ara mi ò le rárá!" Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti bí i, ẹnu rẹ̀ ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ara rẹ̀ rí, kódà nínú túbú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," Olùbéèrè wí, kò sì ké sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀.

Atẹ́gùn tútù rọ́ wọlé, ó kún ìkarahun rẹ̀. Ó dùn bí omi lẹ́yìn ìrìn aṣálẹ̀. Abíọ́nà mí i lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbọ́ pé ikọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Ẹni tí kò ní èémí kò lè húkọ́.

"Ọ̀mọ̀wé. Níbo ló ti rí èyí tó fún mi?"

Rẹ̀mílẹ́kún ń ka nọ́ńbà ìkarahun lábẹ́ ẹnu.

"Ọ̀mọ̀wé!"

"Lọ́dọ̀ ẹni tó sún mọ́ yín jù, tó ní ara òun le."

"Ara mi le!" Abíọ́nà ké. "Olùbéèrè! Mo purọ́! Ara mi le, a dúpẹ́, a dúpẹ́!"

"Ẹ ṣeun," ohùn tútù náà wí, ó sì bu atẹ́gùn rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ padà lápá ọ̀tún. Ọ̀tá ni ikọ́ yẹn jẹ́ láàárọ̀. Ní báyìí, ó gbọ́ ọ, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ọwọ́ tó lè fi nù ún.

Ní wákàtí kẹsàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún un pé kò dáa. Ọ̀rọ̀ kan péré ni."

"Èwo nìyẹn? Kí n fi ẹnu ara mi pe ibi sórí ara mi lójú ọ̀nà ìwẹ̀ ọmọ?" Ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan àti òmíràn. "Ọdún mọ́kànlá, Abíọ́nà. Ẹnu yìí ni n ó fi súre fún un."

"Ṣé ẹ rántí túbú aṣálẹ̀? Ẹ pè mí lórí fóònù kí wọ́n tó gbà á, ẹ bi mí, mo ní a dúpẹ́."

"Mo rántí."

"Ọjọ́ kẹrin, mo rí yín lẹ́nu ọ̀nà túbú, pẹ̀lú lọ́yà, eruku bò yín láti orí dé ẹsẹ̀. Mi ò bi yín rí. Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

Ó kó èémí jọ. "O ní a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èémí rẹ ò dé ìsàlẹ̀."

"Èyí ò mọ èémí, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ ló mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo gbọ́ ohun tí ọmọ ẹ̀yìn yẹn sọ fún ọ," Àwẹ̀ró wí. "Etí mi ò tíì di. Bí mo bá sọ pé kò dáa, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n á ti bù ú fún mi?"

"Ọ̀dọ̀ ọmọ iwájú yẹn. Tirẹ̀ pọ̀."

"O ò mọ irọ́ pa láti kékeré. Ọmọ yẹn ò sọ pé ara òun le rí."

"Ká jọ sọ ọ́ nígbà náà! Àwa méjèèjì!"

"Fetí sílẹ̀."

Ó fetí sílẹ̀. Olùbéèrè ti wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. A dúpẹ́. Ọpẹ́ ni. Ara le, ọmọ mi. Àwọn ohùn náà ti tín-ín-rín.

"Lára àwọn yẹn ni wọ́n á ti bù ú," Àwẹ̀ró wí. "Ọmọ làwọn náà ń lọ wẹ̀. Mi ò ní wẹ tèmi pẹ̀lú èémí ẹlòmíràn."

Abíọ́nà fi orí lu fóòmù. Fóòmù rọ̀, kò tilẹ̀ dùn ún. Oòrùn ń tàn yòò lójú fèrèsé kékeré tó wà níwájú rẹ̀, ibì kan náà tó wà láti àárọ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ ò rìn rárá. Lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ó kan Rẹ̀mílẹ́kún, ó gbọ́ tó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ara mi ò le. Àyà ń há mi." Bó ṣe sọ ní wákàtí tó kọjá nìyẹn. Abíọ́nà ò bá a wí. Òótọ́ ló sọ, ohun tí wọ́n sì ṣe ẹ̀rọ náà fún nìyẹn.

Ní wákàtí kọkànlá, Olùbéèrè pe Àwẹ̀ró. Kò dáhùn.

"Ìyá Àwẹ̀ró dákẹ́. A gbà pé wọ́n ń sùn. Ara le."

"Kò sùn! Ẹ̀gbọ́n mi ń kú!"

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹnu ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Bàbá Abíọ́nà, ṣé ara le?"

"Ara le! Kó tèmi fún un! Kó gbogbo rẹ̀!"

"Ẹ ṣeun."

Ó gbọ́ ìró atẹ́gùn bó ṣe ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, tó ń gba inú ọ̀pá lọ, tó rékọjá ìkarahun kọkànlélógún láìyà, tó sì wọlé síwájú, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn ti ń sọ pé ooru ti tún bẹ̀rẹ̀.

Abíọ́nà ò ráhùn. Ọgbọ̀n ọdún ní aṣálẹ̀ ti kọ́ àyà rẹ̀ bó ṣe lè fi díẹ̀ gbé. Ó gbé ẹnu lé ihò ọ̀tún, ó sì ń sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, wákàtí márùn-ún gbáko, nípa iyọ̀, nípa ìyá wọn, nípa ọjọ́ tí Àwẹ̀ró gbé e pọ̀n kọjá odò nígbà tó bẹ̀rù omi. Kò bi í léèrè ohunkóhun, kó má bàa rí i pé kò sí ìdáhùn.

Nígbà tí ọkọ̀ balẹ̀ ní Fankúfà, oòrùn ṣì wà lókè. Àwọn ìdérí ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀dọ́kùnrin iwájú dìde, ó na ara, ó ní, "Ọkọ̀ yìí ò dáa rárá. N ó kọ̀wé sí wọn." Ó wo ẹ̀yìn, ó sì tún jókòó. Ẹni méje ni kò dìde.

Rẹ̀mílẹ́kún dúró láàárín ọ̀nà pẹ̀lú gíláàsì tí àkọsílẹ̀ Olùbéèrè ń hàn lójú rẹ̀. Ó ti bọ́ bàtà. Ó ń kà á bí ẹni tí kò mọ̀wé. "Arìnrìnàjò ogójì. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le, méjì." Ó gbé ojú sókè. "Méjì péré, Bàbá. Èmi àti ọmọkùnrin yẹn. Gbogbo àwọn tó kù ní ara àwọn le. Wọ́n sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà. Wọ́n sọ ọ́..."

"Wọ́n dá a lóhùn ni," Abíọ́nà wí. "Ó kí wọn."

Ó yọ àpò kúrò lórí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọwọ́ Àwẹ̀ró ò dì í mú mọ́, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti Ìgànná. Ó fi etí gèlè rẹ̀ nù ún lójú, ó tún un wé fún un bó ṣe mọ, kò wé e dáadáa, ó sì jáde.

Ìbídùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí Abíọ́nà lókèèrè, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ìyá òun ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó kúnlẹ̀ tọmọtọmọ sórí ilẹ̀ tó tutù.

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, sà. Ṣé dáadáa lẹ dé?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀ kó tó mọ̀. Ọdún méjìdínláàádọ́rin ló ti ń gbé níbẹ̀. Ó gbé e mì.

Ó gbé ọṣẹ, kànrìnkàn àti òrí sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Rárá, Ìbídùn," ó ní. "Kò dáa."